Bí Mo Ṣe Túfọ̀ Alájì Fún Alájì

Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí mo lọ ní Abẹ́òkúta ní bèbí rọ́bà kan tí a fi ń kọ́ṣẹ́. Ó gùn tó àgbàlagbà, apá òsì rẹ̀ ti já, irun rẹ̀ sì ti re tán nítorí pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ti fọ orí fún un ṣáájú wa. A ti gún un lábẹ́rẹ́, a ti pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì lábẹ́ rẹ̀, a ti ti rọ́bà bọ̀ ọ́ nímú láti fún un lóúnjẹ. Nínú gbogbo ìyà yìí, kò sẹ́ni tó bi í pé ẹ̀sìn wo ló ń ṣe, àfi ìgbà tí ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ẹ̀mí dé.

Màdáámù ni à ń pe olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ náà. Ọmọ oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n, obìnrin tó ga, tí kì í gba gbẹ̀rẹ́. Wọ́n ní aláìsàn kì í ṣe ẹran ara lásán, pé ẹni tí a bá wo ọgbẹ́ rẹ̀ sàn tí a kò bi í ní ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ìdajì rẹ̀ la wò. Mo gbà bẹ́ẹ̀, mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀ títí di òní. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n ní kí ọ̀kan nínú wa jáde wá bá bèbí rọ́bà sọ ọ̀rọ̀ ọkàn. Ọmọbìnrin kan jáde, ó ṣe é dáadáa, ó sì fi orúkọ Jésù kádìí rẹ̀. Kí a tó ṣe àmín, ọmọbìnrin mìíràn dìde láti ẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màdáámù, ta ló sọ fún un pé Kìrìsìtẹ́nì ni bèbí?"

Kíláàsì dàrú. Àwọn kan ní bí kò bá jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, irùngbọ̀n rẹ̀ dà. Àwọn kan ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló ṣẹ́kù, ẹni tó bá mọ ẹ̀sìn Mùsùlùmí á mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹnì kan tilẹ̀ ká aṣọ rẹ̀ wò bóyá ẹ̀rí kan wà nísàlẹ̀, àwọn tó ṣe bèbí kò ṣe ibẹ̀ rárá. Màdáámù lu tábìlì, wọ́n sì dá ẹjọ́: láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Kìrìsìtẹ́nì ni bèbí; Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Ẹtì, Mùsùlùmí ni. Ní Ọjọ́rú, kò ní ẹ̀sìn kankan, kí á lè fi kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n bá òun dárúkọ Ọlọ́run. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó tíì pàdé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní Abẹ́òkúta, nítorí náà ẹ̀kọ́ Ọjọ́rú le gan-an.

Ọ̀nà tí wọ́n fi kọ́ wa rèé. Jókòó ti aláìsàn, má dúró lé e lórí. Di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wo ojú rẹ̀, kí o sì rẹ ohùn sílẹ̀. Bi í bóyá ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀lú Ọlọ́run rẹ̀. Bi í bóyá ẹnì kan wà tó yẹ kí ó bá parí ọ̀rọ̀. Bi í bóyá ó fẹ́ kí á bá òun pe olórí ẹ̀sìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Dídákẹ́ yìí ni Màdáámù fẹ́ràn jù. Wọ́n ní inú ìdákẹ́jẹ́ ni ọkàn ti máa ń sọ̀rọ̀, pé àwa ọmọ ìsinsìnyí ò mọ bí a ṣe ń dákẹ́.

Èmi, inú ilé Áńgílíkà ni wọ́n bí mi sí, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni bàbá mi. Nílé wa, a kì í bá ara wa sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Orin la fi ń kọ ọ́, tí a bá sì kọ ọ́ tán, a ó jẹun. Àwọn ẹbí mi ní inú tètè máa ń bí mi. Irọ́ ni, ohun tó bá ń bí ènìyàn nínú ló ń bí mi nínú. Bíbá rọ́bà sọ ọ̀rọ̀ ọkàn sì wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo jókòó tì í, mo di ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù mú, mo béèrè gbogbo ohun tó yẹ kí n béèrè, mo sì dákẹ́. Màdáámù ní kò burú. Bèbí fara da gbogbo rẹ̀, nítorí pé rọ́bà kì í bẹ̀rù ikú, kò sì sí ìkankan nínú wa tó ronú kan ìyẹn.

Ìdánwò ẹ̀kọ́ yìí, lára ènìyàn gidi ni wọ́n ti ń ṣe é, nínú wọ́ọ̀dù ọkùnrin ní ọsibítù tí wọ́n ń rán wa lọ. Màdáámù á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn á máa wò wá. Aláìsàn tí wọ́n yàn fún mi ni Alájì kan tó ń ta àpótí ìrìnàjò ní Ṣàpọ́n. Ìpá ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ rẹ̀ fún wọn, iṣẹ́ náà yọrí sí rere, ojú ọgbẹ́ sì ti ń jinná. Alájì ni baálẹ̀ wọ́ọ̀dù náà. Àwọn ló ń parí ìjà fáànù, àwọn ló ń sọ ẹni tó hanrun jù lóru àná, bí oúnjẹ bá sì pẹ́, àwọn ló ń ránṣẹ́ sí ilé ìdáná. Nítorí pé ọkùnrin ni mí tí mo sì wọ aṣọ funfun, dókítà ni wọ́n ń pè mí. Mo ti ṣàlàyé fún wọn títí pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń kọ́. Wọ́n á ní, "Mo gbọ́, dókítà."

Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, Alájì ń mu ògì, wọ́n sì ń fi àkàrà tì í. Mo fa àga, mo jókòó tì wọ́n. Ẹ̀rín wà lójú wọn. Mo di ọwọ́ wọn tó mú àkàrà mú, ẹ̀rín náà sì dínkù.

"Alájì, ẹ kú àárọ̀, sà. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mò ń jẹun lọ́wọ́, dókítà. Ẹ̀yin náà ń wò mí. Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan, sà."

Mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo wo ojú wọn, mo sì bi wọ́n bóyá ọkàn wọn balẹ̀ pẹ̀lú Ọlọ́run. Wọ́n ní alhamdulilahi. Mo bi wọ́n bóyá ẹnì kan wà tó yẹ kí wọ́n bá parí ọ̀rọ̀ báyìí, kí ó má di ọjọ́ mìíràn. Wọ́n gbé àkàrà sílẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n á fẹ́ kí á bá wọn pe ààfáà wọn wá. Mo wá dákẹ́, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo dákẹ́ dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú Alájì rí, nítorí pé èmi kò rí i nígbà náà. Láàárín wa, a kì í sojú abẹ níkòó bí ikú bá ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ìyá ìyá mi kú ní Owódé, àbúrò bàbá mi ni wọ́n rán sí ìyá mi. Wọ́n wọlé, wọ́n béèrè omi. Wọ́n béèrè bóyá ìyá mi ti jẹun. Ìyá mi ní kí ló dé, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó ti ìyá mi, wọ́n di ọwọ́ wọn mú, wọ́n bá wọn sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run díẹ̀, wọ́n sì dákẹ́. Kí àbúrò bàbá mi tó la ẹnu, ìyá mi ti wà nílẹ̀, wọ́n ń sunkún. Bí gbogbo ilé ṣe ń túfọ̀ nìyẹn, ní Kẹ́ńtà, ní Òkè-Ọnà, níbi gbogbo. Màdáámù ka ẹ̀kọ́ tiwọn nínú ìwé tí òyìnbó kọ, èmi sì mú un lọ sí ibi tí gbogbo ènìyàn ti mọ ohun tí ó túmọ̀ sí láti kékeré.

Alájì wò mí pẹ́. "Dókítà," wọ́n ní, "ṣé dókítà àgbà ló rán yín?"

"Rárá, sà. Màdáámù ló rán mi." Mo tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà. Màdáámù mi orí sí wọn pẹ̀lú àánú, nítorí pé bí a ṣe gbọ́dọ̀ mi orí nìyẹn.

"Wọ́n ti mọ̀ nílé?"

Mo rò pé àbẹ̀wò tèmi ni wọ́n ń sọ. "Wọn ò tíì mọ̀, sà. Ẹ̀yin la kọ́kọ́ wá bá."

"Ẹ ṣeun," Alájì ní. "Ọ̀pọ̀ ò ní sọ fún èèyàn." Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. "Ẹ bá mi pe ààfáà."

Inú mi dùn. Nínú àwọn aláìsàn tí wọ́n yàn fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, kò sí ẹni tó gbà kí wọ́n pe olórí ẹ̀sìn. Mo wo Màdáámù, inú wọn dùn ju tèmi lọ. Lẹ́yìn mi, Alájì gbé fóònù, wọ́n pe àkọ́bí wọn ọkùnrin, wọ́n ní, "Ẹ máa bọ̀. Gbogbo yín," wọ́n sì pa á. Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì yẹ kí wọ́n sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àkọ́bí fi ohùn sórí Wọ́sáàpù ẹbí. Kí oòrùn tó mú, wọ́n ti ń dé. Àwọn ti Ṣàpọ́n fi ẹsẹ̀ rìn, àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Òkè-Ìléwó gun ọ̀kadà, àwọn ti Owódé kó ara wọn sínú bọ́ọ̀sì kan, wọ́n ní kí awakọ̀ má gbé èrò mìíràn lọ́nà. Olùṣọ́ ẹnu géètì ní àsìkò àbẹ̀wò kò tíì tó. Wọ́n bi í bóyá ikú náà máa ń wo àsìkò àbẹ̀wò, ó sì ṣí géètì. Ìyàwó Alájì wọlé láìwé gèlè. Ẹ̀gbọ́n kan láti Owódé ti ra aṣọ funfun bọ̀ lọ́nà, kí ìsìnkú má bàa falẹ̀ nígbà tó bá yá. Ó fi sínú lailọ́ọ̀nù, ó fẹ́ fi pamọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ yọ síta, gbogbo wa sì ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Mo wá ń bẹ̀rù. Mo lọ bá Màdáámù, mo ní, "Màdáámù, ó dà bíi pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀." Wọ́n ní ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́wà. Wọ́n sáré lọ kó àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wá, wọ́n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Ẹ wo bí ẹbí ṣe ń kópa," wọ́n ń sọ jẹ́jẹ́. "Ẹ wò ó, omijé. Ẹ wò ó, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, kò sì sí ẹni tó kọ́ wọn." Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọbìnrin tó béèrè ẹ̀sìn bèbí ló kọ́kọ́ wo ojú mi, ó fẹnu sí mi létí: "Kí lo sọ fún wọn?"

Bàbá kan wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, ẹni tó fi ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ rélùwéè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú símẹ́ǹtì. Ó na ọwọ́ sí Màdáámù. "Èmi ńkọ́?" ó ní. "Láti ọjọ́ tí mo ti wà níbí, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá kí àwọn pe àlùfáà mi. Ṣé nítorí pé ẹsẹ̀ lásán ni tèmi?" Màdáámù bẹ̀ ẹ́, wọ́n sì rán ẹlẹgbẹ́ mi kan sí i. Ẹlẹgbẹ́ mi fa àga, ó jókòó, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Bàbá rélùwéè ní kí ó sọ̀rọ̀ sókè, kí gbogbo wọ́ọ̀dù lè gbọ́ pé wọ́n ń bá òun náà ṣe é.

Ìgbà náà ni ààfáà dé. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka Yáásínì, súrà tí wọ́n ń kà fún ẹni tó ń kú lọ, lábẹ́lẹ̀. Alájì gbé ọwọ́ sókè pé kí ó dúró ná. Gbogbo wọ́ọ̀dù tẹ́tí sílẹ̀, àti àwọn tí kò yẹ kí wọ́n gbọ́.

"Ọ̀rọ̀ kan wà," Alájì ní. "Mi ò lè gbé e dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mi ò dé Mẹ́kà rí."

Ààfáà pa ìwé rẹ̀ dé.

Wọ́n sọ ọ́. Nígbà tí ọjọ́ orí wọn ò tíì pọ̀, wọ́n ti san gbogbo owó Hájì tán fún ejẹ́ǹtì kan, gbogbo àdúgbò sì sìn wọ́n dé ibi tí wọ́n ti wọkọ̀, àwọn obìnrin ń kọrin, àwọn ọmọ kéú ń tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí wọ́n dé pápá ọkọ̀ òfurufú ní Èkó, ejẹ́ǹtì ò sí níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó wọlé sí. Wọ́n dúró títí àwọn tó kù fi lọ. Ojú ti Alájì láti padà sáàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọrin sìn wọ́n. Wọ́n lọ bá ọ̀rẹ́ wọn kan ní Ìdúmọ̀tà, wọ́n ń sùn sáàárín àwọn àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, títí àwọn arìnrìn-àjò gidi fi bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Wọ́n ra dàbínù, wọ́n ra tẹ̀sùbáà, wọ́n ra ẹní ìkírun. Wọ́n rọ omi sínú ike, wọ́n ní sàmúsàmù, omi mímọ́ Mẹ́kà, ni. Wọ́n wá sílé, ìlú sì jáde pàdé wọn.

"Omi yẹn," Alájì ní, wọ́n wo ìyàwó wọn, "ẹ̀rọ omi ló ti wá. O fún àwọn ọmọ mu nígbà tí ara wọn ò yá."

"Ara wọn sì yá," ìyàwó wọn ní.

Bàbá tí à ń pè ní Alájì ń sunkún, ṣùgbọ́n ojú wọn ti yàtọ̀. Mo ti wà pẹ̀lú aláìsàn tó pọ̀ láti ìgbà náà, mo sì mọ ojú ẹni tí ìrora ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀, wọ́n ní kí ààfáà máa ka ìwé rẹ̀ lọ, àwọn ti ṣe tán. Màdáámù náà ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé irú èyí, ẹ̀ẹ̀kan ní ayé ni nọ́ọ̀sì ń rí i.

Dókítà àgbà wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó ń yára nítorí pé iṣẹ́ abẹ mìíràn ń dúró dè é. Ó ya àárín èrò kọjá bí ẹni tó ń wá ọjà, ó ṣí ojú ọgbẹ́, ó tẹ ibẹ̀, ó ní, "Alájì, ó ti dáa gan-an. Ẹ lè máa lọ sílé lónìí. Ẹ má gbé ẹrù wúwo." Ó wo gbogbo wa. "Ṣé ẹ̀yin lẹ wá mú wọn lọ? Ẹ mà pọ̀ o."

Obìnrin kan hó ìhó ayọ̀, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu láàárín rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n láti Owódé ti lailọ́ọ̀nù bọ abẹ́ àga. Ayọ̀ ti dé ọ̀fun gbogbo ènìyàn kí wọ́n tó rántí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Mi ò tíì rí i rí kí ẹbí kan mọ̀ pé bàbá àwọn kò ní kú, kí wọ́n má sì mọ ibi tí wọ́n máa gbé ojú sí.

Bàbá dìde jókòó díẹ̀díẹ̀. Èmi ni wọ́n ń wò.

"Dókítà, mi ò kú lọ?"

"Ẹ ò kú lọ, sà."

"Kò sígbà kankan tí mò ń kú lọ?"

"Kò sí, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ìdánwò ni."

Wọ́n ro ọ̀rọ̀ náà. "Ta ni màá wá jẹ́ bí mo bá délé?" wọ́n ní. Ìbéèrè gidi ni, wọ́n sì retí kí n dáhùn. Ojú tì mí.

Àkọ́bí wọn ní kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, àìsàn ló sọ̀rọ̀, àwọn ẹbí máa pa ẹnu mọ́. Ìyàwó wọn ń di aṣọ sínú báàgì, kò wo ẹnì kankan. "Kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan níbí," ó ní.

"Èmi gbọ́," bàbá rélùwéè ní.

Mátírọ́ọ̀nù pe èmi àti Màdáámù sí ọ́fíìsì. Wọ́n bi mí pé ta ló sọ fún mi pé Alájì ń kú lọ. Mo ní kò sẹ́ni tó sọ fún mi, èmi ni mo sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n jáde. Mo dúró sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́ ohùn Màdáámù tó ń ṣàlàyé ìdákẹ́jẹ́ fún ẹni tí kò dákẹ́. Nígbà tí Màdáámù jáde, ojú wọn pọ́n. Wọ́n ní mo yege, nítorí pé gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi ni mo ṣe, kò sì sí ibì kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí aláìsàn má bẹ̀rù. "Ohun tí o tú," wọ́n ní, "tẹ̀ lé wọn lọ bá wọn dì í." Mo rò pé ìbínú ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìyẹn ni ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n kọ́ mi láìwo ìwé.

Báyìí ni mo ṣe wà nínú ọkọ̀ àkọ́bí, tí a gba Òkè-Ìléwó kọjá. Nígbà tí a dé orí òpópónà wọn ní Ṣàpọ́n, Bàbá ní kí wọ́n dúró, àwọn fẹ́ fẹsẹ̀ rìn. Ọmọ wọn ní ojú ọgbẹ́ ńkọ́. Wọ́n ní dókítà wà níbí. Wọ́n gbé ọwọ́ lé apá mi, a sì ń rìn díẹ̀díẹ̀, ìyàwó wọn ń bọ̀ lẹ́yìn wa pẹ̀lú báàgì.

Ìyá tó ń ta ike ló kọ́kọ́ rí wa. "Alájì, ẹ kú ewu o. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Ẹ ṣeun," Bàbá ní. "Ẹ má pè mí ní Alájì mọ́. Mi ò dé Mẹ́kà rí."

Ìyá oníke wò wọ́n, ó wò mí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Oògùn oorun," ó ní. "Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ọkọ mi. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó ní òun ló ni gbogbo mọ́tò tó wà ní gáréèjì." Ìyàwó Bàbá rẹ́rìn-ín sí i, ó rẹ́rìn-ín jù bó ṣe yẹ lọ. Télọ̀ tó wà ní òdìkejì náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n fún Bàbá ní ọsàn mu, ó máa ń tètè jẹ́ kí ojú dá. Ẹnì kan jáde wá láti inú ṣọ́ọ̀bù láti wá gbọ́ ọ, ó bẹ Bàbá pé kí wọ́n tún un sọ, Bàbá sì tún un sọ, àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìfẹ́, wọ́n ń ní ẹ kú ewu, Alájì, ẹ kú ewu.

Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ọwọ́ Bàbá máa ń wúwo sí i lápá mi. "Dókítà, ṣé ẹ rí i," wọ́n ní. "Wọn ò fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi." Inú bí mi sí gbogbo òpópónà náà, sí ẹ̀rín wọn, sí inúure wọn. Àánú Bàbá ń ṣe mí débi pé mi ò lè gbé ojú sókè.

Ní iwájú ilé tó kángun sí tiwọn, bàbá arúgbó kan jókòó sórí àga. Iṣẹ́ títún rédíò ṣe ló ń ṣe kí ojú rẹ̀ tó fọ́. Òun nìkan ló ṣẹ́kù ní òpópónà náà tó ju Bàbá lọ lọ́jọ́ orí. Ó ti gbọ́ ẹ̀rín láti òkèèrè. Nígbà tí Bàbá sọ ọ́ fún un, òun kò rẹ́rìn-ín. Ó yí orí sí ibi tí mo dúró sí. "Wọ́n ní dókítà wà níbí. Dókítà, ṣé oògùn ni?"

Gbogbo òpópónà tẹ́tí sí mi. Ìyàwó Bàbá ń wò mí, kò sì fi ohun tó ń bẹ̀ mí pa mọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Bí mo bá ní oògùn ni, gbogbo ènìyàn á lọ jẹun, Bàbá á sì jẹ́ Alájì títí ọjọ́ ikú, láìsí ẹni tó máa gbọ́ ọ mọ́. Bàbá ò wò mí ní tiwọn. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò, bí ọmọ tí wọ́n ń sọ ẹjọ́ rẹ̀ lójú rẹ̀.

"Rárá, sà," mo ní. "Oògùn ti kúrò lára wọn tipẹ́. Ojú wọn dá. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ."

Ìyàwó Bàbá gbé báàgì sílẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó fi ìborùn bo ojú. Ìyá oníke wọlé. Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan lórí tábìlì rẹ̀. Arúgbó mi orí díẹ̀, ó dákẹ́ pẹ́, ìdákẹ́jẹ́ tí kò sí ìwé tó kọ́ ọ.

"Ó dáa," ó ní. "Kí wá ni ká máa pè ọ́?"

Kò sẹ́ni tó lè bá Bàbá dáhùn. Àwọn ọmọ ò ní pe bàbá wọn lórúkọ. Ìyàwó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò fi ẹnu rẹ̀ pè é rí láti ọjọ́ tó ti wọlé wọn. Àwọn tó kù ní òpópónà, Alájì ni wọ́n bá níbẹ̀. Bàbá fúnra wọn ní láti ronú kí wọ́n tó sọ ọ́. Wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n lọ́jọ́ ìkómọ, mi ò sì ní kọ ọ́ síbí.

Arúgbó gbé e yẹ̀wò lẹ́nu ná. Ó wá pè é sókè, bí a ṣe ń pe ọmọdé tí a fẹ́ rán níṣẹ́.

Bàbá fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Mo di wọ́n mú nítorí ojú ọgbẹ́, wọ́n sì dáhùn níbi tí wọ́n tẹ̀ dé, "Sà."